Ènìyàn Ni Wọ́n, Kì í Ṣe Àwòrán

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, bí ọ̀rọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà bá bọ́ sílẹ̀ láàrin wa, ohun méjì ni a máa ń sọ: a ó ní ó ń fi àkókò ọmọ ṣòfò, a ó sì ní kì í jẹ́ kí ó sùn. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí n kò tíì gbọ́ kí òbí kan bi ọmọ rẹ̀: àwọn tí ìwọ pẹ̀lú wọn jọ ń ṣeré yìí, báwo ni o ti ń ṣe sí wọn?

Àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọ rẹ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 16 ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń múra àtilọ pe ìrun Màgárìbì, mo gbọ́ ariwo nínú yàrá. Ìyá ní kí ọmọ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ kí ó fún òun ní ìṣẹ́jú 15, pé ènìyàn mẹ́rin gbójú lé òun. Ìyá wo yàrá yíká, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ènìyàn mẹ́rin dà? Irọ́ lo wá ń pa fún mi báyìí?" Ó pa ẹ̀rọ náà, ọmọ sì bú sẹ́kún, ọmọkùnrin tí ó ti ga jù mí lọ.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, àwọn méjèèjì wá bá mi pé kí n bá wọn dá sí i. Mo ní n kò lè dá ẹjọ́ ohun tí n kò mọ̀. Mo jókòó ti ọmọ náà ní alẹ́ méjì, ó sì là á yé mi.

Orúkọ eré náà ni World of Warcraft, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2004. Àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dungeon, tí ó kún fún ẹ̀dá abàmì. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n jọ máa ń wọ̀ ọ́. Ẹnìkan ni aṣíwájú, tí ń fi ara gba ìyà kí ó má baà kan àwọn yòókù. Ẹnìkan ni oníṣègùn, tí ń wo ọgbẹ́ wọn sàn. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ni ajagun. Bí oníṣègùn bá dìde lójijì, aṣíwájú yóò ṣubú, gbogbo wọn yóò sì tẹ̀lé e. Ikú eré ni, wọn yóò tún jí, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fi ṣòfò kì í ṣe àkókò eré.

Oníṣègùn ni ọmọ wa. Àwọn mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ kò rí, ọmọ ènìyàn ni wọ́n, tí olúkúlùkù jókòó sí yàrá tirẹ̀ ní ìlú tirẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ihò yóò máa kéde kiri láti wá ẹni tí yóò bá a lọ. Ó ń pẹ́, ó sì ń súni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wà ní agbo kan náà mọ ara wọn; bí ènìyàn bá hùwà burúkú lónìí, kì í tètè rí ẹni bá a rìn lọ́la. Ní oṣù Disẹ́mbà ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà mú kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa kó àwọn ènìyàn jọ láti agbo oríṣiríṣi. Ìrìn yá, ṣùgbọ́n ìtìjú dínkù. Wọ́n dàbí èrò ọkọ̀ kan tí wọn kò ní fojú kan ara wọn mọ́.

Ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn. Ajagun pọ̀, aṣíwájú àti oníṣègùn kò tó, nítorí náà àwọn ajagun a máa pẹ́ lórí ìlà. Ní ọdún 2011, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn kún un fún ẹni tí ó bá gba ipò tí ènìyàn kò tó sí. Àwọn mìíràn a wá pe ara wọn ní aṣíwájú láìmúra, kí wọ́n lè tètè wọlé. Ìyẹn dàbí ẹni tí kò mọ Fátíhà kà tí ó bọ́ síwájú sàfú láti ṣe Lèmọ́mù.

Aṣíwájú mìíràn mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n eré ni yóò máa sá lọ, kò ní wẹ̀yìn wò bóyá agbára oníṣègùn ti tán. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí ẹni tí ń síwájú ìrun rántí aláìlera, aláìsàn àti arúgbó tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń síwájú, ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbẹ̀yìn ni kí ó fi wọn ìrìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, ẹrù a máa jáde. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ yóò sọ pé òun nílò rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì ṣẹ́ gègé láàrin wọn. Gègé ṣíṣẹ́ kò burú nínú irú èyí. Ànábì pàápàá máa ń ṣẹ́ ẹ láti mọ èwo nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá òun rìnrìn-àjò. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn sọ pé òun nílò ohun tí kò wúlò fún òun. Irọ́ ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n tún lè dìbò lé ẹnìkan jáde. Ó dára fún aláìbìkítà, ṣùgbọ́n a máa ń lò ó fún ẹni tuntun tí kò tíì mọ̀nà. Ta ni a bí mọ́ ọn nínú wa?

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí tán, mo pe àwọn méjèèjì. Mo sọ fún ìyá pé ìlérí tí a ṣe fún ẹni tí a kò rí, ìlérí náà ni, kò sì yẹ kí a pe ọmọ tí ń gbìyànjú àtimú un ṣẹ ní òpùrọ́. Mo sọ fún ọmọ pé ìrun ti ní àkókò tirẹ̀ kí ó tó di pé ihò kankan wà. Ihò tí ó lè gba ìṣẹ́jú 30, tí ó wọ̀ nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 20 kí a pèrun, ìlérí méjì tí kò lè jọ ṣẹ ni ó ṣe. Ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ìrun, kò sì sí lọ́dọ̀ àwọn mẹ́rin. Wákàtí tí ó wọlé ni kò dára.

A wá fi ẹnu kò. Ọmọ kò ní wọ ihò mọ́ bí ó bá ku wákàtí kan kí a pèrun. Bí ìdí pàtàkì bá dé, yóò sọ fún àwọn mẹ́rin kí ó tó dìde. Ìyá yóò kìlọ̀ fún un ṣáájú, kò sì ní pa ẹ̀rọ mọ́ ọn lójú. Ìyá ní kí ọmọ má bínú nítorí ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ìyá, lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kẹta yẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń dúró de ẹni tí ó gbẹ̀yìn, ẹ yìn ín. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń sá lọ, ẹ kọ́ ọ. Ẹni tí kò rí ojú wa lè má dá wa mọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò ṣàìrí wa. Kí Ó fi ìwà rere jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.