Ohun Tí À Ń Ṣe àti Ohun Tí Ó Yẹ Ká Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí wọ́n bá ṣe rí ènìyàn ni wọ́n ṣe ń kà á sí. Òwe yìí ti wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti kọ́ ẹ̀rọ láti máa wo ìṣesí ètò kọ̀ǹpútà, kí ó sì ti ara ohun tí ó rí kọ òfin tí ètò náà ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tí ó kan èdè Yorùbá pàápàá: ǹjẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe?

Ó yẹ kí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ní ìwé ìlànà tirẹ̀, èyí tí yóò sọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Bí àpẹẹrẹ, ètò tí ó bá ṣí fáìlì gbọ́dọ̀ pa á dé nígbà tí ó bá lò ó tán. Kò sì gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sínú fáìlì tí ó ti pa dé. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tí ń ṣe ètò kì í sábà kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a fi iṣẹ́ sílẹ̀, a sì gbé ìmọ̀ náà lọ. Ètò yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí òfin tí ń darí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yíjú sí ìṣesí. Ní 1972, Alan Biermann àti Jerome Feldman ṣàlàyé bí a ṣe lè ti ara àpẹẹrẹ ìṣesí ẹ̀rọ kan mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Michael Ernst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n pè ní Daikon. Irinṣẹ́ yìí a máa ṣọ́ àwọn iye tí ètò ń lò, a sì máa sọ èyí tí kò yẹ̀ rí: pé iye kan kì í kéré sí òdo, tàbí pé ọ̀kan kì í ju èkejì lọ. Ní 2002, Glenn Ammons, Rastislav Bodík àti James Larus gbé iṣẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ àwọn ètò jọ bí wọ́n ti ń tẹ̀ léra, ẹ̀rọ wọn sì fa ìlànà yọ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò gbà, ẹ̀rọ mú un bí òfin. Ọ̀nà tí ìwọ̀nba díẹ̀ gbà, ó gé e dànù. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ètò tí ayé ń lò yóò tọ̀nà nígbà púpọ̀ ju ìgbà tí yóò ṣì lọ.

Ọkọ̀ Micra tó Ìbàdàn í fi dán ìgbàgbọ́ yìí wò. Ká ní àlejò kan tí kò mọ òfin ìrìnnà dúró ní Baṣọ̀run, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìdí-Apẹ lọ sí Àkóbọ̀, tí ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe sílẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé èrò a máa dárúkọ ibi tí ó ń lọ kí ó tó wọlé, àti pé kì í lọ láìsanwó. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n yóò tún kọ ọ́ pé èrò méjì ni í fún ara wọn mọ́ àga kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Òfin ìrìnnà kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òfin kì í hàn sí ojú. Awakọ̀ tí ó bá gbé ẹnì kan ṣoṣo síwájú ni yóò wá dàbí arúfin nínú ìwé àlejò náà.

Ìṣòro kejì ni ti ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí àlejò náà kò bá rí ọkọ̀ tí ó yà sí ọ̀nà kan, ṣé èèwọ̀ ni ọ̀nà náà ni, àbí kò sí ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn? Ní 1967, E. Mark Gold fi ìṣirò hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ èdè wà tí àpẹẹrẹ gbólóhùn tí ó tọ̀nà nìkan kò lè fi òfin wọn hàn dájú, bí ó ti wù kí àpẹẹrẹ náà pọ̀ tó.

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ìṣesí ẹnu ni Samuel Àjàyí Crowther wò kí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1843. Ìṣesí ẹnu náà ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ti fa òfin gírámà rẹ̀ ti 1966 yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ elédè ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá rí gbólóhùn, wọ́n lè bi ara wọn pé, “Ṣé Yorùbá ń sọ báyìí?” Ẹ̀rọ kò lè bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ìbàdàn kan náà, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ti ara àkọsílẹ̀ mọ ibi tí àmì ohùn yẹ kí ó wà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n fàmì sí dáadáa. Lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ló pọ̀ jù: oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ó bá ka èyí tí ó pọ̀ sí òfin yóò gbà pé Yorùbá kò ní ohùn, ọmọ tí ó bá fàmì sí iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dàbí ẹni tí ó ṣì í.

Èyí kò sọ pé kí a kọ ẹ̀rọ. Ó lè ka àkọsílẹ̀ tí ènìyàn kò lè kà tán láyé rẹ̀, ó sì lè rí òfin tí ẹni tí ó ṣe ètò gan-an ti gbàgbé. Ohun tí ó bá kọ, kí ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pè é ní òfin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí a kò bá sì fẹ́ kí ẹ̀rọ fi àṣìṣe wa ṣe òfin fún àwọn ọmọ wa, kí a máa kọ èdè wa bí ó ti yẹ láti òní lọ.