Mọ́tò Tó Ń Kọ̀ Lọ́sàn-án

Mọ́tò tó kú pátápátá kò ṣòro tún ṣe tó èyí tó ń dáhùn lónìí tó ń kọ̀ lọ́la. Èyí tó kú, ibi tó kú sí ni wọ́n á ti bá a. Kò níbi tó ń lọ, ohun tó ṣe é náà kò níbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe ségesège, tí ẹ bá fi okùn wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tán, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí. Mẹkáníìkì á wo ojú yín, ẹ̀yin náà á wo ojú rẹ̀. Ẹ ó wà á lọ sílé, á tún kọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ síbi tí ẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ dé. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń kọ̀ láìnídìí. Ìdí náà ló ní wákàtí tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì wá a ní wákàtí rẹ̀ kò lè rí i.

Kí a tó máa bèèrè ohun tí a ó pààrọ̀, ó yẹ ká bèèrè pé: nígbà tó kọ̀, kí lẹ gbọ́? Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ ń gbà kọ̀. Àwọn kan wà tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ní yí rárá: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ “kọ́” ẹyọ kan, tàbí kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Àwọn mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì wọn ń yí gìrì-gìrì, ṣùgbọ́n tí kò ní sítáàtì. Èyí tí kò yí, bátìrì, wáyà àti kíkì sítátà ni ká kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń yí tí kò sítáàtì, ọ̀rọ̀ epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣìnà kó tó mú sípánà.

Bátìrì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń tó fóòlútì 12.6 lórí mítà. Tó bá ti wálẹ̀ sí 12.2, ó ti kù bí ìdajì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà gòkè tó nǹkan bí 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọtanétọ̀ kò cháàjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ra bátìrì tuntun nítorí ìyẹ̀fun funfun tó hù sórí tẹ́mínà, ohun tí omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ì bá fọ̀ kúrò. Mo ti rí wáyà áàtì, èyí tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ti jẹra lábẹ́ rọ́bà rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́: tí mítà bá kọjá ìdajì fóòlútì, iná ń sọnù lójú ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ kíkì sítátà ọkọ̀ Jàpáànù àtijọ́, bàbà pẹlẹbẹ méjì kan wà tí iná ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá sítáàtì, títí yóò fi máa kanra lẹ́ẹ̀kan tí kò ní kanra lẹ́ẹ̀kejì. Ó lè jẹ́ òun ni “kọ́” tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Bàbà yẹn nìkan ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó bá ní odidi sítátà ni ẹ máa rà, ẹ ní kó tú u kí ẹ rí i.

Ọkọ̀ bàbá mi, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń yí. Tòkunbọ̀ ará Jàpáànù ni, ti ọdún 1992, ó sì ti sìn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á wà á lọ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn láàárọ̀, kò ní yọ wọ́n lẹ́nu; wọ́n á jáde ní báńkì lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì á yí títí, kò ní sítáàtì. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á bá ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún gbìyànjú, ó ti dáhùn. Ẹnìkan ní púlọ́ọ̀gì ni. Ẹlòmíràn ní pọ́ǹpù epo ni, kí wọ́n lọ ra òmíràn ní Gate. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí, nítorí ó mọ bí bàbá mi ṣe tọ́jú ọkọ̀ náà.

Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n mú ìwé kékeré kan, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá kọ̀: aago mélòó, oòrùn tàbí ìbòòji, wíńdò ṣíṣí tàbí títì, epo tó wà ní táǹkì. Nígbà tó yá, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò kọ̀ rí láàárọ̀. Kò kọ̀ rí lọ́jọ́ òjò. Epo kíkún tàbí epo díẹ̀ kò mú ìyàtọ̀ wá. Inú oòrùn, pẹ̀lú wíńdò títì, ló ti ń kọ̀.

Ìwé yẹn la mú lọ bá réwáyà kan tó ń ṣe iná ọkọ̀ lẹ́bàá Mọ́kọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó kà á tán kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ nínú ìbòòji, kò jẹ́ kó dé ibi tí sítátà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ká gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, pọ́ǹpù inú táǹkì máa ń kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 tí kọ́kọ́rọ́ bá dé ibẹ̀, kí epo lè kún inú páìpù. A gbọ́ ọ. “Bàbá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká gbé e sínú oòrùn, ká tì í pa.” A jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ọ̀sán fi mú. Nígbà tó tún yí kọ́kọ́rọ́, a kò gbọ́ ohùn kankan.

“Pọ́ǹpù ló kú yẹn, àbí?” mo bi í.

“Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Pọ́ǹpù ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an.”

Ó na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí rìléè tó ń gbé iná lọ fún pọ́ǹpù wà. Kò yọ ọ́. Píọ̀ wọ́tà dídì kan ló nù gbẹ, ó gbé e tì í, ó ní ká dúró díẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù kùn, ọkọ̀ sì sítáàtì.

Ìgbà yẹn ló tó tú u. Ó gbé awò lé e, ó ní ká wò ó: òjé tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ irin kan mọ́ pátákó inú rìléè ti sán yí irin náà ká, tín-ín-rín. Inú ọkọ̀ títì nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná kọjá 50 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Òjé àti irin kì í wú bákan náà nínú ooru, wọn kì í sì í súnkì bákan náà nínú òtútù. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé á sán. Tó bá tutù, ẹnu méjèèjì á kanra. Tó bá gbóná, wọn á yà. Ó yọ́ òjé àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i. Rìléè kan náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí mo mọrírì jù nínú iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn ni pé ó mú kí ọkọ̀ náà kọ̀ lójú rẹ̀, ó sì mú kó dáhùn lójú rẹ̀, kó tó tú nǹkan kan. Ká ní ẹnìkan ti pààrọ̀ pọ́ǹpù láàárọ̀, ọkọ̀ náà ì bá sítáàtì, a ò bá yìn ín, a ò bá san owó, títí di ọ̀sán tí oòrùn bá tún mú. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń fi orúkọ rere fún oògùn tí kò ṣiṣẹ́. Ó ká mi lára nítorí àwọn tó ń wa ọkọ̀ àgbà: ẹni tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó ń fi takisí bọ́ ọmọ. Ẹ̀yà tòkunbọ̀ tó ń lo iná, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í gbà á padà bí ẹ bá ti lò ó. Tí wọ́n bá sì pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pa pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń to Peugeot 504 ní Kàdúná láti ọdún 1975, tí wọ́n sì ń to Volkswagen Ìjàpá ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, awakọ̀ lè ṣí kábúrétọ̀ kó gbóòórùn epo, kó yọ púlọ́ọ̀gì kó wo bóyá iná ń fò. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí bírénì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ń ṣọ́ nìkan ni sikánà lè kà. Kò ní sọ ti bàbà sítátà tó ti jẹ, kò ní sọ ti wáyà áàtì tó jẹra, síbẹ̀ mo ń rí àwọn tó ń gbé e síta kí wọ́n tó bi onímọ́tò ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Tó bá kọ̀ fún yín lójú ọ̀nà, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná náà bá ṣú pátápátá, bátìrì tàbí tẹ́mínà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí kò bá ṣú, tí ẹ́ńjìnnì ò sì yí, tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ gbé jíà kúrò ní P sí N kí ẹ tún un yí, nítorí suwíìṣì kan wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ. Tó bá ń yí tí kò sítáàtì, ẹ pa rédíò, kí ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù lẹ́yìn. Kó tó di pé ó tún dáhùn, ẹ kọ aago, oòrùn àti ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà lé réwáyà lọ́wọ́ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.