Òṣómàáló Inú Ẹ̀jẹ̀

Ní ìgbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, nígbà tí gbogbo ẹbí péjọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Yèyé rán mi ní yàrá kí n bá wọn mú aṣọ òkè wá nínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Yèyé. Abẹ́ aṣọ náà ni mo ti rí oògùn oṣù méjì gbáko tí wọn kò fọwọ́ kàn. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ara àwọn ti le. Ta ni í gbé oògùn mì nígbà tí àìsàn ti lọ?

Kì í ṣe oògùn ibà o. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá Yèyé jà, imatinib sì ni oògùn náà. Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ni àìsàn yìí pa.

Bọ̀dá, àkọ́bí Yèyé, wà nílé lọ́jọ́ náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ wọn gan-an sì nìyí: ẹ́ńsáìmù, àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ń mú iṣẹ́ inú ara wa yá. Bọ̀dá a máa pààrọ̀ ẹ̀yà ara ẹ́ńsáìmù lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo bí ìwà rẹ̀ yóò ṣe yí padà, àti bí àṣẹ ṣe ń lọ láti ibì kan dé ibì kejì nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní jẹjẹrẹ. (Obìnrin kan, Frances Arnold, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 lórí irú àtúnṣe ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀.) Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nínú gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà! Yèyé ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́." Gbogbo wa mọ̀ pé wọn kò gbọ́. Ni Bọ̀dá bá yíjú sí mi: "Ìwọ tó ń ka Yorùbá, ṣàlàyé fún wọn."

Ojú tì mí. Mo ní Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Mo lè sọ ti fóníìmù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ti èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni ìwé náà wà fún, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Mo bẹ Bọ̀dá kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èmi náà, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù kan wà tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kí ó máa pọ̀ sí i. Bí akéde ni: bí a kò bá rán an, kò gbọdọ̀ lu agogo. Nínú irú àìsàn Yèyé, méjì nínú àwọn okùn tí àjogúnbá wa wà lórí wọn, ìkẹsàn-án àti ìkejìlélógún, já, wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀já wọn. Ní Philadelphia ni Nowell àti Hungerford ti kọ́kọ́ rí okùn tó kúrú náà ní 1960. Ní 1973 ni Janet Rowley fi hàn pé pàṣípààrọ̀ ni. Akéde tó ti ibẹ̀ jáde kì í dúró de ìránṣẹ́. Ọ̀gbóni kò rán an, ìjòyè kò rán an, ó ń lu agogo tọ̀sán-tòru. Imatinib kò sì pa á o. Ihò kékeré kan wà lára akéde yìí tí ó ti ń gba agbára. Ibẹ̀ ni oògùn náà ń lọ jókòó sí.

Ibẹ̀ ni mo ti dá Bọ̀dá dúró. Òṣómàáló ni bàbá Yèyé. Wọ́n ta aṣọ àwìn kiri, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde.

Mo ní, "Yèyé, oògùn yìí ni Bàbá. Wọ́n ti lóṣòó, onígbèsè kò rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n kò kú, inú ilé ló wà. Bí Bàbá bá dìde lọ ńkọ́?"

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. "Á jáde ni!" Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bí onígbèsè bá wá tún ẹnu ọ̀nà kọ́, tí Bàbá kò fi ríbi lóṣòó sí mọ́ ńkọ́?"

Bọ̀dá wò mí, mo wo Bọ̀dá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yí padà lára ẹ́ńsáìmù náà, ẹyọ 315, imatinib kò ní lè wọlé mọ́, gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn kan ṣe ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Oògùn mìíràn wà tó lè wọ ibẹ̀, ponatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012. Nítorí náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáfara.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Yèyé ní kí n bu omi kún ife wá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọn kì í dárúkọ oògùn. "Bàbá ti lóṣòó," ni wọ́n máa ń wí. Oṣù tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò wọn.