Akápò, Sẹ́ǹtì Yìí Dà?

Kò sí ohun tí wọ́n fi ń dán akápò wò tó owó kékeré. Owó ńlá ní ẹlẹ́rìí: báńkì kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Owó kékeré ni kì í ní agbẹjọ́rò. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe akápò fún àwa ọmọ Yorùbá kan ní agbègbè Dallas tí a ń dá owó lóṣooṣù, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá èésú, tí a sì ń fi ra ìpín ìdókòwò. Iṣẹ́ yìí ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìkéde nípa owó tí wọ́n ń yọ lọ́jà ìpín àti nípa òfin tó ń yí padà, àwọn ímeèlì tí gbogbo èèyàn ń pa rẹ́ láìṣí i. Mi ò yàn án. Ìtìjú ló sún mi dé bẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, a ta ìpín 400 ní $46 ẹyọ kan. Ìyẹn jẹ́ $18,400. Alágbàtà tí à ń lò kì í gba owó iṣẹ́, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ áàpù rẹ̀ pé òun kì í gba nǹkan kan. Síbẹ̀, $18,399.41 ló wọlé. Sẹ́ǹtì 59 ti lọ. Nígbà tí a ta irú iye ìpín bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún kan náà, ní iye owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí, sẹ́ǹtì 22 péré ló lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ báńkì ní Marina, ní Èkó, kí wọ́n tó kó wá sí Garland. Àwọn ló rí i. Wọ́n gbé ìwé oṣù kejì lé orí tábìlì, wọ́n gbé ti oṣù kẹfà tì í, wọ́n fi ìka sí ìlà ìsàlẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní, "Akápò, sẹ́ǹtì yìí dà?"

Ẹ má rò pé ẹ̀gbọ́n láhun. Wọ́n wà ní Èkó lọ́dún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà Èkó kọjá 66,000, àwọn èèyàn ń yáwó ní báńkì láti fi ra ìpín, olùkọ́ ń rà, awakọ̀ ń rà. Kí ọdún kan tó pé, òṣùwọ̀n náà ti já ju ìdajì lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe pé owó náà lọ ló dun àwọn jù, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó lè jókòó ti àwọn, kó fi ìwé hàn wọ́n, kó ní ibí ló gbà jáde. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn, gbogbo ilé ló dákẹ́, mi ò sì lè dáhùn. Mo ní mo máa wádìí. Mo rí i lójú àwọn kan pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Ẹnì kan kọ̀ láti dá owó oṣù yẹn, ó ní òun ń dúró de àlàyé. Mo mọ ohun tó ń dúró dè.

Ìwé tí alágbàtà fi ń jẹ́rìí sí títà ni mo kọ́kọ́ tú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti fi fóònù mú un tóbi, ìlà méjì wà níbẹ̀. Ìkejì ni owó FINRA, àjọ tó ń bójú tó àwọn alágbàtà: lọ́dún 2024, $0.000166 ni lórí ìpín kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, kò sì lè kọjá $8.30 lórí títà ẹ̀ẹ̀kan. Ti ìpín 400 kò pé sẹ́ǹtì méje, wọ́n sún un sókè di sẹ́ǹtì méje. Ìyẹn kò yí padà láti oṣù kejì. Ìlà àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ wà. Owó abala 31 ni wọ́n ń pè é, nítorí pé abala 31 nínú òfin ọjà ìdókòwò tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1934 ló dá a sílẹ̀. SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ọjà náà, ló ń gbà á. Ní oṣù kejì ọdún 2024, $8 ni lórí mílíọ̀nù dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Ti $18,400 wá jẹ́ sẹ́ǹtì 15. Láti ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, ó di $27.80. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, mo tún un ṣe: sẹ́ǹtì 51 àti díẹ̀, wọ́n sún un sókè di 52. Bí a bá fi sẹ́ǹtì méje kún un, ó di 59.

Ara mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa bèèrè ìdí tó fi fo láti $8 sí $27.80, tí mo bá sì sọ pé "ìjọba ló ní kó rí bẹ́ẹ̀", a ò tíì kúrò ní Èkó 2008 nìyẹn. Mo wá lọ ka ìkéde SEC fúnra rẹ̀, ojú ewé kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Owó yìí kì í ṣe owó tí àjọ náà ń fi ìfẹ́ inú rẹ̀ gé lé ọjà lórí. Lọ́dọọdún, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington máa ń sọ iye tí SEC lè ná. Òfin wá ní kí owó abala 31 tó wọlé lọ́dún náà bá iye yẹn dọ́gba. Bí ọjà bá ń ta púpọ̀, owó ti ń wọlé wìtìwìtì, wọ́n á dín iye orí mílíọ̀nù kù. Bí ọjà bá falẹ̀, wọ́n á fi kún un. Ọjọ́ tó ń yí padà náà kì í ṣe àdéédéé: ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ààrẹ bá fọwọ́ sí òfin ìnáwó náà ni. Mo mú kàlẹ́ńdà. Ààrẹ fọwọ́ sí ti 2024 ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta. Ka ọgọ́ta ọjọ́, o ti dé ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún. Mo padà sẹ́yìn: wọ́n fọwọ́ sí ti 2023 ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2022, iye tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì. Ó pé gẹ́lẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó lóru ọjọ́ yẹn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo pín ìwé náà fún gbogbo wọn, pẹ̀lú ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n kà á tán, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sórí, wọ́n ní, "Àbúrò, ọjà ìpín ni òfin ní kó san owó yìí. Kí ló wá kàn wá?" Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ọjà ni SEC ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà á gbé e lé alágbàtà lórí, alágbàtà á gbé e lé ẹni tó tà lórí. Ẹni tó rà kì í san. Ẹ̀gbọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ẹni tó dáwọ́ owó dúró san ti oṣù méjì pọ̀ kó tó lọ.

Láti ìgbà yẹn, ìkéde ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Àwọn kan kọ́kọ́ ń ráhùn pé ó ń gùn. Ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ sísan. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí owó abala 31 gbéra, Amẹ́ríkà tún yí òfin mìíràn padà: ìpín tí a bá tà lónìí, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ iṣẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, dípò méjì tó jẹ́ láti ọdún 2017. Ìyá kan láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Irving, gbọ́ òkú ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́bọ̀ ni a ta ìpín wọn. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ó di ọjọ́ Ajé kí owó náà tó ṣeé fà jáde, àwọn ẹbí tó ń tẹ̀ wọ́n láago láti ilé kì bá sì jẹ́ kí wọ́n sinmi ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti ka ìkéde náà, mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nàìjíríà ṣì ń dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà. Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tó dín in kù sí méjì, mo sì sọ fún àwọn tó ṣì ní ìpín nílé kí wọ́n fi sọ́kàn.

Ọdún 2025 ló wá mú ọ̀rọ̀ ọjà ìpín wọ àárín ìlú yìí gan-an. Ọjà Chicago tó wà lábẹ́ New York Stock Exchange kó wá sí Dallas, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta pẹ̀lú orúkọ tuntun, NYSE Texas. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, SEC fọwọ́ sí Texas Stock Exchange, tí BlackRock àti Citadel Securities wà lára àwọn tó kówó sí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, àwa olùgbé Texas dìbò lórí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ tó ní ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba owó orí lórí títà àti ríra ìpín, ó sì wọlé. Mo gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Grand Prairie pé "Texas ti fagi lé gbogbo owó ìpín." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìjọba Texas ni òfin yẹn dè. Kò kan owó Washington rárá.

Ohun tó dá ìdàrúdàpọ̀ náà sílẹ̀ ni pé owó abala 31 ti di òdo ní ti gidi lọ́dún náà. Láti ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, SEC ní $0.00 ni lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí wọ́n ti gbà ti tó iye tí òfin ní kí wọ́n gbà lọ́dún ìnáwó náà. Kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe Texas ló ṣe é. Ìgbàkígbà tí òfin ìnáwó tuntun bá jáde, ọgọ́ta ọjọ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀.

Òdo yẹn ni mo rí lò nígbà tó dùn mí jù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Arlington, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa, pè mí lálẹ́. Ẹnì kan ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ti kó owó sínú áàpù ìdókòwò kan tí wọ́n fi hàn án lórí WhatsApp, áàpù náà sì ń sọ fún un pé owó rẹ̀ ti di $40,000. Nígbà tó fẹ́ gbà á, wọ́n fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí i, àmì SEC wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà abala 31 wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi $1,200 ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó abala 31 kí wọ́n tó tú owó rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́. Wọ́n tún ń bèèrè $3,500.

Mo ní, "Àbúrò mi, má ṣe fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ mọ́." Mo ní kó mú ìwé àti bírò. A jọ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. Lórí $40,000, bí wọ́n bá lo $27.80, èyí tó wà kó tó di òdo, owó abala 31 jẹ́ $1.12. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì méjìlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí i, òdo sì ni. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ìgbà kan tí SEC ń kọ̀wé sí oníbàárà pé kó fi owó yìí ránṣẹ́. Ara owó títà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló yẹ kó ti sọ èyí fún mi?"

Inú ń bí mi títí di òní sí ìbéèrè yẹn, nítorí pé èsì rẹ̀ kò ṣòro. Ìkéde òtítọ́ wà níta gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè kà á láìsanwó. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìjọsìn wa, níbi ìnáwó wa, lórí WhatsApp wa, ẹni tó ní ìpín kan tó máa sọ èèyàn di olówó ni à ń fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tó fẹ́ ka ìkéde kan síta, a ó ní kó jọ̀ọ́, oúnjẹ ti ń tutù.

A kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí FBI lórí ìkànnì wọn fún jìbìtì íntánẹ́ẹ̀tì, a kọ ọ́ sí SEC, a sì kọ ọ́ sí Texas State Securities Board. Owó náà kò tíì padà, èyí tó kó sínú áàpù náà níbẹ̀rẹ̀ kò sì tíì padà pẹ̀lú. Ó ti wọ ẹgbẹ́ wa báyìí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ní kí n fi ìkéde tòótọ́ han òun, kí òun fi ojú ara òun rí bó ṣe rí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Ẹ̀gbọ́n wa láti Garland sún mọ́ ọn lórí àga, àwọn méjèèjì sì jọ ń kà á lọ, ẹ̀gbọ́n ń fi ìka tọ́ka sí iye orí mílíọ̀nù, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọjà ni òfin ní kó san án.