Òkè-Aró: Àwọn agbanipa inú fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀, àtàwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó sì ń sùn l'Ókè-Aró, ìlú méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀, èrò Èkó ni. Bó bá di alẹ́, ará Ògùn ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, n'ípìnlẹ̀ Ògùn, ni Òkè-Aró wà, àmọ́ ẹsẹ̀ kan báyìí ló wà láàárín rẹ̀ àti Ìjú tó jẹ́ ti Èkó. Lambe ò jìnnà síbẹ̀, Màtógùn ò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Agbádó. Láti oṣù kẹwàá, ọdún 2024, tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò lójú ọ̀nà kìlómítà 27 láti Oyíngbó dé Agbádó, àwọn kan máa ń bọ́ sílẹ̀ n'Íjùú, àwọn mìíràn á dé Agbádó, kí wọ́n tó wọ kòròpé tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Kí wọ́n tó délé, ilẹ̀ ti ṣú. Omi ìwẹ̀, oúnjẹ, lẹ́yìn náà ló kan fíìmù, bí iná bá wà. Bí iná ò bá sí, wọn á tan jẹnẹrétọ̀, tàbí kí wọ́n máa wò ó lórí fóònù.

Ẹni tó bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú kòròpé tó ń lọ sírú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kó kàn béèrè ìbéèrè kan péré: nínú gbogbo apànìyàn tó ti wà nínú fíìmù Yorùbá, èwo lẹ̀rù rẹ̀ bà yín jù? Kíá ni ariwo á sọ. Àgbàlagbà tó wà níwájú á ní kò sẹ́ni tó tó Fádèyí Olóró. Ìyá tó gbé agbọ̀n lẹ́sẹ̀ á ní irọ́ ni, Àgbákò ni. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn á fi wọ́n rẹ́rìn-ín, á ní wọn ò tíì rí Agẹmọ inú Jagun Jagun ni wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á débi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ò ní í tíì tán.

Òótọ́ ni àgbàlagbà yẹn sọ. Òjó Arówóṣafẹ́ ni orúkọ Fádèyí Olóró gan-an, eré Àrélù tí Jímọ̀ Àlíù ṣe fún tẹlifíṣàn ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ọmọdé ń sá fún. Kì í ṣe ìbọn ló fi ń dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe idà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn á ti mọ̀ pé wàhálà dé. Àgbákò náà ńkọ́? Charles Olúmọ ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́ tíátà, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Orúkọ ìnagijẹ tó ń jẹ́ yẹn gan-an tó láti mú kéèyàn yà fún un lọ́nà, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń gbàdúrà pé kóun pàdé àgbákò.

Ibi tí agbanipa tiwa ti yàtọ̀ sí tàwọn òyìnbó nìyí. Nínú fíìmù The Terminator tí Arnold Schwarzenegger ṣe lọ́dún 1984, ẹ̀rọ ni apànìyàn náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Anton Chigurh tí Javier Bardem ṣe nínú No Country for Old Men, tó jáde lọ́dún 2007, owó ẹyọ ló máa ń jù sókè kó tó mọ̀ bóyá kóun pa èèyàn. Àwọn wọ̀nyí máa ń dákẹ́ pani ni. Apànìyàn inú eré Yorùbá ò lè ṣe irú ìyẹn láyé. Àfi kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, kó ki ara rẹ̀, kó ní kẹ́ni tó wà níwájú òun wo òun dáadáa. Orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí ohun ìjà tó ṣiṣẹ́.

Àwọn olè gidi náà mọ̀ pé orúkọ lágbára. Ìṣọ̀lá Oyènúsì, tó pe ara rẹ̀ ní dókítà nígbà tí kò wo aláìsàn kankan rí, ni wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach, l'Ékòó, lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1971, lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà náà, Eddie Ugbomah sọ ìtàn rẹ̀ di fíìmù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Oyènúsì níbẹ̀. Nígbà tó wá dọdún 1990 sókè, olè kan tí wọ́n ń pè ní Ṣínà Rambo ń yọ àwọn onímọ́tò lẹ́nu káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Rambo kì í ṣe orúkọ Yorùbá, inú fíìmù Sylvester Stallone ló ti wá. Olè wọ inú fíìmù lọ́jọ́ sí, fíìmù náà sì wá fún olè lórúkọ.

Ká sòótọ́, eléyìí tó yẹ kí wọ́n máa rántí jù nínú kòròpé kì í kì ara rẹ̀ púpọ̀. Lágàta ni, ọmọ ogun inú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde lọ́dún 1999. Lápité, ọba Jógbò, kọ̀ láti búra nídìí oyè, kó lè máa kó owó ìlú jẹ. Ó rán àwọn apànìyàn sí Adébọ̀mí tó lè bá a du ìtẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ dìde nítorí igbó wọn tí àwọn agégẹdú ń bà jẹ́, ni wọ́n bá lọọ pe Lágàta kó wá bá wọn kápá ọ̀rọ̀ náà. Lágàta dé lóòótọ́, àmọ́ ọba tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ló pa. Ó gbé adé, ó dé e sórí ara rẹ̀. Ìlù ṣaworo ni wọ́n fi mú un nígbẹ̀yìn: wọ́n lù ú, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ibẹ̀ ló kú sí. Ọdún 1999 yẹn gan-an làwọn ṣọ́jà fi ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sí àgbàlagbà tó wo fíìmù náà tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá bẹ apànìyàn níṣẹ́, kó má gbàgbé pé òun náà lọ́rùn.

Àwọn tòde òní náà ò kẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2022, Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Àgẹ̀ṣinkólé jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ọ̀daràn tó da ìlú Ajéromí rú, tó fi di pé ọba ń wá àjẹ́, ọdẹ àti eégún kiri kí wọ́n lè bá a ṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dún 2023, òun náà ló ṣe Ògúndìjí nínú Jagun Jagun, ibẹ̀ sì ni Agẹmọ tí ọmọkùnrin inú kòròpé ń sọ ti jáde, apànìyàn abàmì tí kì í ṣí ojú. Ọ̀dúnládé Adékọ́lá tẹ̀ lé e pẹ̀lú Lákátabú lọ́dún 2024, òun náà lórúkọ tó ń dún bíi bọ́ǹbù.

Àmọ́ bí orúkọ ṣe ń dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbòjú, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà. Lọ́dún 2023 kan náà, Jáde Oṣìbérù gbé Gangs of Lagos jáde, àwọn apànìyàn sì wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gidigidi. Ẹgbẹ́ wọn, Isale Eko Descendants' Union, fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ẹní bá sọ Ẹ̀yọ̀ di agbanipa ti tàbùkù àṣà àwọn. Ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ Ògùn lè lóye ohun tó ń bí wọn nínú, nítorí àwọn Ìjẹ̀bú ló ni òrìṣà tó ń jẹ́ Agẹmọ, ọwọ́ pàtàkì ni wọ́n sì fi mú un. Aṣọ àwọn àgbà ni àwọn onífíìmù ń yá láti fi dẹ́rù bà wá. Ó sì ń dẹ́rù bà wá lóòótọ́, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù orúkọ yìí, àwọn àdúgbò tó wà lẹ́nu ààlà Èkó àti Ògùn ti fojú rí i rí, kì í sì í ṣe nínú fíìmù. Oṣù kẹrin, ọdún 2020 ni, nígbà tí ìjọba ní kí tọmọdé tàgbà jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Kò síṣẹ́, kò sówó, ebi ń pa ará ìlú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àwọn kan tó ń jẹ́ One Million Boys ń bọ̀, pé Àwáwá ń bọ̀. Láti Agége dé Abúlé-Ẹ̀gbá, láti Ìjàyè dé Agbádó, títí wọ ọ̀nà Ṣàngó àti Ìfọ̀, àwọn ọkùnrin ò sùn. Wọ́n ń dáná táyà sójú títì, wọ́n di àdá àti igi mú, wọ́n ń lu irin kí àdúgbò kejì lè mọ̀ pé wọ́n wà lójúfò. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti jalè lóòótọ́, àwọn ọlọ́pàá sì mú ọ̀pọ̀ afurasí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ṣọ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́ láìrí olè kankan. Orúkọ nìkan ló wọ àdúgbò wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tó láti gba oorun lójú wọn.

Lọ́dún 2020 yẹn kan náà ni apànìyàn mìíràn wá wọ Òkè-Aró, tí kò lórúkọ tó le lẹ́nu, tí kò sì sọ pé òun ń bọ̀. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó wọbẹ̀ ò ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ kò sí oògùn tó lè wo ẹlẹ́dẹ̀ tó bá kọ lù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ẹ̀ṣọ́ tó ń lu irin lẹ́nu géètì ò lè rí irú apànìyàn bẹ́ẹ̀ dá dúró.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn agbanipa gidi ilẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Alhaja Kúdírátù Abíọ́lá nínú mọ́tò l'Ékòó, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Olóyè MKO Abíọ́lá, wà látìmọ́lé. Ẹjọ́ náà rìn jìnnà: àwọn méjì tí ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 2013. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 2001, wọ́n wọ ilé Olóyè Bọ́lá Ìgè ní Bódìjà, n'Íbàdàn, wọ́n sì pa á. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Títí dòní, kò sẹ́ni tí wọ́n tíì dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Àwọn tó wá sílé yẹn ò ki ara wọn, wọn ò pọfọ̀, kò sì sí ìlù ṣaworo tó dún.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn tinú fíìmù nìyẹn. Bó ti wù kí Fádèyí le tó, gbogbo ayé ló mọ ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kí fíìmù tó parí, ẹnì kan á kápá rẹ̀. Arówóṣafẹ́ fúnra rẹ̀ kú lóṣù kẹta, ọdún 2023, lẹ́yìn àìsàn tó fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Olúmọ kú lọ́dún 2024, lẹ́ni ọdún 101 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde. Àwọn tí wọ́n ti fi dẹ́rù bà lọ́mọdé ló ṣọ̀fọ̀ wọn.

Bó bá ti di ọwọ́ alẹ́, wọ́n á ti géètì àdúgbò. Ọlọ́dẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Nínú yàrá, fíìmù ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ìbọn á dún lójijì. Bàbá ilé á mú rìmóòtù, á dín ohùn tẹlifíṣàn kù, á dákẹ́ díẹ̀, á tẹ́tí síta. Ìgbà tó bá tó dá a lójú pé inú fíìmù ni ìbọn náà ti dún ni yóò tó tún ohùn rẹ̀ gbé sókè.