Ọ̀rọ̀ Pọ́nna ní Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, nínú kíláàsì ìtumọ̀ a máa ń fi "oògùn" ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ pọ́nna: ó lè jẹ́ èyí tí dókítà fúnni, ó lè jẹ́ èyí tí ọ̀tá fi ń ṣeni. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní àsìkò ìdánwò tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá ní Abomey-Calavi ra hóró mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri. "Màásùn" ni onítọ̀hún pè é. Alẹ́ méjì ni ọ̀rẹ́ wa fi kàwé láìfojú ba oorun. Ní alẹ́ kẹta ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó ní àwọn kan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A gbé e sórí zẹ́mìjàn, ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn.

Dókítà bi wá pé, "Kí ni ó lò?" A ní Màásùn. Ó ní orúkọ oògùn kọ́ nìyẹn. Ìnagijẹ lásán ni, ọ̀rẹ́ wa sì ti gbé hóró náà mì tán.

Lẹ́yìn náà ni a lọ kàwé nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Ethiopia àti Yemen wọ́n máa ń jẹ ewé khat bí àwa ti ń jẹ obì. Cathinone ni èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti tún un tò lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ni mephedrone, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1929. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwọn oníṣòwò hú u jáde, tí wọ́n ń tà á bí oúnjẹ ewéko, tí wọ́n ń kọ ọ́ sára àpò pé kì í ṣe fún jíjẹ ènìyàn, kí òfin má bàa mú wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2015. Bí wọ́n bá ti de ọ̀kan, àwọn oníṣòwò á yí ibì kan padà nínú rẹ̀, òmíràn á dé. Àwa tí a ń kọ́ fonọ́lọ́jì mọ ọgbọ́n yẹn: fáwẹ́ẹ̀lì méjì péré ló ya owó sí ọwọ́.

Káféènì inú obì kàn ń jókòó sí àyè adenosine, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mephedrone ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ó ń tú dopamine, noradrenaline àti serotonin tó wà nípamọ́ síta. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MDPV kì í tú nǹkan síta. Ilẹ̀kùn ni ó ń tì, kí èyí tó ti jáde má lè padà wọlé. Ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ooru ara á máa gòkè. Ó ti pa ènìyàn.

Ìyá rẹ̀ dé láti Kétu ní ọjọ́ kejì. A kí wọn kú ewu ọ̀nà. Ẹni tó gba máàkì jù lọ nínú wa ní ìtumọ̀ ni ó sọ pé, "Oògùn ni ó lò, Màmá."

Ìyá káwọ́ lérí. "Ọmọ mi ń ṣoògùn? Àbí ẹnì kan ló fi oògùn ṣe é?"

A sáré tún un ṣe: "Oògùn olóró ni, Màmá," bí wọ́n ṣe ń wí i lórí rédíò. Èyí tún burú jù. Olóró tí wọ́n gbọ́, ti ejò ni. "Wọ́n fún ọmọ mi ní májèlé!"

A wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ obì. Wọ́n wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. A ní ohun tí ó jẹ dà bí ẹni pé wọ́n fún agbọ̀n obì kan sínú hóró kan. (Onímọ̀ kẹ́míkà yóò bínú sí wa.) Màmá dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó wọ̀n ọ́n?"

Kò sí ẹni tó dáhùn nínú wa.

Ara ọ̀rẹ́ wa ti yá, ó ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa pe nǹkan náà ni a ṣì ń wá. Ẹni tó bá ní èyí tí ìyá kan ní Kétu yóò gbọ́ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, kó mú un wá sí ìpàdé wa ní Ọjọ́bọ̀.