Ìjánu Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Ìgbẹ́sà: Èló Ni, Ta Ni Yóò sì Ṣe É?

Ẹni tí kò bá dé Ìgbẹ́sà rí lè rò pé ìlú oko lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Sàngó, tí ẹ gba Ọ̀tà kọjá, ẹ ó kan Ìyànà Ìyẹsí, ẹ ó rí ọgbà Yunifásítì Covenant lójú ọ̀nà Ìdírókò, ẹ ó sì dé Àtàn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà sí ọ̀nà Àgbárá. Ní Lúsadà, níbi tí ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ojú títì, ẹ ó tún yà, ẹ ó sì wọ Ìgbẹ́sà, ìlú àwọn Àwórì, níbi tí Ọlọ́jà Ẹkùn ti ń jọba. Yunifásítì Crawford, tí ìjọ Apostolic Faith dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, wà níbẹ̀. Ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Ògùn àti àwọn ará Ṣáínà jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Guangdong Free Trade Zone, náà wà níbẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló kó ọkọ̀ àjàgbé wá bá wa. Bí tírélà kan ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, tí ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ilé-ìwé àti ewúrẹ́ sì ń wá ọ̀nà gbà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà Àgbárá sí Àtàn fi jẹ́ kòtò àti ẹrẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí bíréèkì: yóò tẹ̀ ẹ́ fún kòtò, yóò tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kadà, yóò tún tẹ̀ ẹ́ fún ìyá tó gbé igbá ọsàn sórí. Kò sí bí ìjánu kò ṣe ní í tètè jẹ tán. Ẹ̀yin náà sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ bí tírélà bá ti ya wọ inú ọjà: "Ìjánu rẹ̀ ló já." Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, a máa ka ìjánu tó kọ̀ mọ́ ohun tó ń fa jàǹbá nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Èmi jẹ́ olùkọ́ ní Ìgbẹ́sà. Toyota àtijọ́ kan ni mo ní, òun náà ló ń ko ike tí ìyàwó mi ń tà wá láti Sàngó ní ọjọ́ Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ mi méjì àti ọmọ aládùúgbò wa méjì ló ń gbé lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, tí ọwọ́ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè bí mo bá ti tẹ bíréèkì, n kò fi falẹ̀. Fèrè yẹn kì í ṣe ariwo ọkọ̀ gbígbó. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni àwọn tó ń ṣe páàdì máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí páàdì bá ti jẹ kù díẹ̀, irin náà a kan dísìkì, a sì máa ké, kí onímọ́tò lè mọ̀ pé àkókò ti tó.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà tó mọṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Kí ló tún ń ṣe ìyàwó kejì yìí?"

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà. Páàdì ti tín-ín-rín bí páálí ṣáàkì. Páàdì titun a máa nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 10. Bí ó bá ti ku 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá ka owó fún mi: ₦28,000 ni páàdì iwájú, ₦10,000 ni owó tí wọn yóò fi fá ojú dísìkì méjèèjì lórí ẹ̀rọ, ₦4,000 ni òróró bíréèkì, ₦10,000 ni owó iṣẹ́. Ó di ₦52,000. A dúnàá dúrà títí ó fi gbà láti ṣe é ní ₦47,000. Ẹ rántí pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024.

N kò pe ọkùnrin náà ní olè o. Ó ń san owó ilẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló sì ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ páàdì tí à ń rà ti ń wá. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa dé ìdajì, ó ti lé ní ₦1,400. Páàdì kò sì mọ̀ pé tíṣà ló fẹ́ ra òun.

Ní Sátidé, mo bọ́ sí Sàngó. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, Ládípò ní Mushin ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rajà. Oríṣi mẹ́ta ni ìyá kan tó ń tajà kó kalẹ̀ níwájú mi: ti ₦12,000, ti ₦22,000 àti ti ₦38,000. Mo yí èyí tó pọ́ọ́kú yẹn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là díẹ̀, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀ sì ku lẹ́tà kan. Irú rẹ̀ a máa le bí òkúta, a sì jẹ dísìkì, èyí tí owó rẹ̀ ju ti páàdì lọ. Ti ₦22,000 ni mo mú. Bí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ ra páàdì Belgium, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù, ẹ kọ̀ fún un. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ lè jẹ́ Belgium. Páàdì kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ló ní kí a ṣe é fúnra wa, nítorí ó ti ń ṣe tirẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀ tó tẹ́jú la gbé ọkọ̀ sí. A fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, a dẹ nọ́ọ̀tì kí a tó fi jáàkì gbé e, a sì ti táyà àpò sábẹ́ ọkọ̀, nítorí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ tì. Ẹ̀gbẹ́ kan la kọ́kọ́ tú, kí èkejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe. Sípánà 14 ló tú kálípà. Wáyà la fi so ó rọ̀, kí ọ̀pá rọ́bà òróró má baà já. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi rí i tí mo fẹ́ fẹnu fẹ́ eruku, ó fà mí sẹ́yìn kíá. Asbestos wà nínú àwọn páàdì mìíràn, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àkísà tútù la fi nù ún. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹ lójoojúmọ́.

A fi kílámùpù ti písítìnì wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìka pa ojú dísìkì: ó jọ̀lọ̀, kò ní ihò kò ní igun, nítorí náà a kò fá a. Kí a tó ṣáná sí ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú pópó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kanlẹ̀. Òróró náà, inú agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni kó ti wá, nítorí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi náà a sì hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná. Mo ti rí awakọ̀ dánfó tó ń bu omi ọṣẹ dípò rẹ̀. N kò wọ ọkọ̀ náà mọ́.

Bíréèkì ẹ̀yìn, onídúrọ́ọ̀mù, ni a kò fọwọ́ kàn. Sípíríngì ibẹ̀ pọ̀, bí ọ̀kan bá sì ta nù, ọ̀rọ̀ di ti ọ̀sán gangan. Mo gbé e padà fún ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ó fọ̀ ọ́, ó sì tò ó ní ₦6,000.

"Tíṣà, ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa!"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀yìn."

Ìṣirò mi rèé: páàdì ₦22,000, òróró ₦4,000, kílámùpù ₦5,500, iṣẹ́ ẹ̀yìn ₦6,000, àpapọ̀ ₦37,500. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ fún mẹkáníìkì, ₦53,000 ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta ni a fi ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìṣẹ́jú ogójì ṣe. Tíṣà ní Sátidé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tí yóò ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ ọjà Lúsadà, kí ó fúnra rẹ̀ ra páàdì, kí ó san owó iṣẹ́, kí ó sì dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u.

Sátidé tó ń bọ̀, ti ọ̀rẹ́ mi ló kàn. Kílámùpù ti wà nínú búùtù.